Kí ẹ tó ra hẹ́dífóònù olówó ńlá àti áńpílífáyà tó bá a mu

Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun fẹ́ fi hẹ́dífóònù òun pààrọ̀ èyí tó wọ́n gan-an, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé kí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu lára èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní béèsì rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń bo ohùn olórin mọ́lẹ̀, tàbí pé ó máa ń há òun lórí bí òun bá ti lò ó fún wákàtí kan, a ti rí ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó kàn gbọ́ tí wọ́n ń yin ọ̀kan ni, mo máa ń ní kó ṣe sùúrù ná. Ohun tí ìrírí ti fi yé mi ni pé hẹ́dífóònù fúnra rẹ̀, àti bó ṣe jókòó sí etí, ló ń pinnu bí orin ṣe máa dún. Iṣẹ́ áńpílífáyà ni pé kó gbé iná tó tó fún un, kó má sì fi ohùn tirẹ̀ kún un. Bóyá ẹ nílò rẹ̀ tàbí ẹ ò nílò rẹ̀, ìṣirò ló ń sọ ọ́, kì í ṣe iye tí wọ́n ta hẹ́dífóònù.

Owó nìkan kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ohùn máa dára. Lọ́dún 2017, Jeroen Breebaart tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìró ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó yẹ hẹ́dífóònù 283 wò, kò sì rí ìbátan láàárín iye tí wọ́n ń tà wọ́n àti bí wọ́n ṣe ń pín béèsì, ohùn àárín àti tírẹ́bù. Èyí ò sọ pé olówó ńlá ò dáa o. Ohun tí owó sábà máa ń rà ni dráífà, ìyẹn ohun tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀ tí ohùn fi ń jáde, tí kì í tètè fọ́ ohùn bí ẹ bá gbé e sókè. Apá òsì àti apá ọ̀tún tó bára dọ́gba. Irin níbi tí ike ì bá ti kán. Àti ẹ̀yà ara tó ṣeé pààrọ̀. Sennheiser HD 600 ti wà lọ́jà láti 1997, tìmùtìmù àti wáyà rẹ̀ sì ṣì ṣeé rà lọ́tọ̀. Èmi ka ìyẹn sí pàtàkì ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ sára páálí lọ.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ fi EQ, ìyẹn ètò tó ń gbé béèsì, ohùn àárín tàbí tírẹ́bù sókè tàbí wálẹ̀, tún ohùn èyí tẹ́ ẹ ní ṣe, kí ẹ sì lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, Equalizer APO ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí fóònù Android, Wavelet wà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní AutoEq ti ṣírò àtúnṣe fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́dífóònù, ẹ wá orúkọ tiyín níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àtúnṣe wọ̀nyí ń tẹ̀ lé ìlà tí Sean Olive àti Todd Welti fi ìwádìí gbé kalẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Harman, níbi tí wọ́n ti jẹ́ kí àwọn olùgbọ́ fúnra wọn yan ohùn tó wù wọ́n, tí púpọ̀ wọn sì yan béèsì tó ga díẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ níbí ni ohun tí wọ́n ń pè ní preamp, ìyẹn ibi tí EQ ti ń fa gbogbo ohùn pọ̀ sókè tàbí wálẹ̀. Bí ẹ bá gbé béèsì sókè ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó), ẹ gbọ́dọ̀ fa preamp wálẹ̀ ní 6 bákan náà. Orin òde òní ti sábà kún dé góńgó nínú fáìlì rẹ̀. Bí ẹ bá tún gbé nǹkan lé e, orí ìgbì ohùn á gé, ohùn á sì máa fọ́ ní gbogbo ìgbà tí ìlù ńlá bá dún. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á ní EQ ò dáa, nígbà tó jẹ́ pé àyè ni kò fi sílẹ̀ fún un.

Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí ohùn náà sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ti rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbé béèsì sókè, tẹ́ ẹ ti fa preamp wálẹ̀, tí dráífà ṣì ń gbọ̀n bí ohun tó fẹ́ ya, ó ti dé òpin agbára rẹ̀ nìyẹn, ìdí gidi sì nìyẹn láti wá òmíràn. Ohun tí EQ ò lè tún ṣe ni kí ẹ máa fi owó lé: ìnira lórí, ooru létí, ariwo ìta tó ń wọlé, àti bóyá ohùn ń dún bíi pé ó wà nínú orí yín tàbí níta orí.

Ẹ tún yẹ tìmùtìmù wò. Tìmùtìmù tó ti pẹlẹbẹ ń mú etí sún mọ́ dráífà, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò, béèsì á wá sọnù. Ẹ ti orin tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa sí i, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìdérí etí méjèèjì wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí béèsì bá ṣàdédé pọ̀ gan-an, afẹ́fẹ́ tó ń jò ni ìṣòro yín. Ẹni tó ń lo awò ojú ní láti mọ èyí dáadáa, torí apá awò máa ń ṣí tìmùtìmù níbi tó bá ti kọjá lẹ́bàá etí. Hẹ́dífóònù bíi planar, tí dráífà rẹ̀ jẹ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ́jú, tí béèsì rẹ̀ lè tẹ́jú títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ló sì máa ń pàdánù jù níbẹ̀. Tìmùtìmù tuntun fún hẹ́dífóònù àtijọ́ wà lára ìnáwó tó dáa jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ ra irú èyí tó bá a wá gan-an: bí awọ bá rọ́pò aṣọ, tàbí tí nínípọn rẹ̀ yàtọ̀, ohùn á yí padà, nígbà mìíràn á yí ju bí hẹ́dífóònù tuntun ṣe máa yí i lọ.

Ní ti ìwọ̀n, HD 600 jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 260. Audeze LCD-2 lé ní 500. Ọrùn ló ń gbé ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ má ṣe ra èyí tẹ́ ẹ ò tíì gbé sórí fún wákàtí kan gbáko láìyọ ọ́. Bí ẹ bá sì ń bá ẹlòmíràn gbé yàrá, ẹ gbàgbé èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ni òun náà máa gbọ́.

Ó wá kan áńpílífáyà. Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ wá lára hẹ́dífóònù: impedance, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó, tí wọ́n ń fi óòmù kọ, àti sensitivity, ìyẹn bí ohùn rẹ̀ ṣe ń ga tó fún ìwọ̀n iná kan, tí wọ́n ń fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì kọ. Ẹ ṣọ́ra fún ìkejì, nítorí ilé iṣẹ́ kan á kọ ọ́ fún mílíwáàtì 1, òmíràn á kọ ọ́ fún fóltì 1, ẹni tí kò bá kíyè sí i á sì máa fi ohun méjì tí kò jọra wéra. Kí ẹ lè sọ ti mílíwáàtì di ti fóltì, ẹ fi 15 kún un bí hẹ́dífóònù bá jẹ́ 32 óòmù, ẹ fi 13 kún un bó bá jẹ́ 50, 5 bó bá jẹ́ 300, 2 bó bá jẹ́ 600.

Lẹ́yìn náà, ẹ pinnu bí ohùn ṣe máa lọ sókè tó. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 110 ni mo máa ń lò fún ṣóńṣó orin, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá kékeré tí ìlù bá dún gbàmù, kì í ṣe bí orin ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àjọ NIOSH, tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbà kí etí wà nínú dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí 8, àkókò náà sì ń dín kù sí ìdajì bí ẹ bá ti fi 3 kún un: 88 di wákàtí 4, 91 di wákàtí 2. Ẹni tó bá nílò ju 110 lọ ní ṣóńṣó, etí rẹ̀ ló yẹ kó lọ yẹ̀ wò.

Ohun tó kù ò le. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 kọ̀ọ̀kan ń sọ fóltì di ìlọ́po méjì. HD 650 jẹ́ 300 óòmù, fóltì 1 sì ń fún un ní 103. Ó ku 7 kó tó dé 110, nítorí náà fóltì 2.24 ló fẹ́, ìyẹn nǹkan bíi mílíwáàtì 17. Kò pọ̀ rárá. Beyerdynamic DT 880 oní-600 óòmù jẹ́ 96 fún mílíwáàtì 1, tó di 98 fún fóltì 1. Ó ku 12, nítorí náà fóltì 4 ló fẹ́, mílíwáàtì 27.

Ẹ wá wo HiFiMAN HE-6: 50 óòmù, 83.5 fún mílíwáàtì 1. Èèyàn á rí 50 yẹn, á ní èyí rọrùn ju 600 lọ. Kó tó dé 110, ó fẹ́ fóltì 4.7, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti DT 880 lọ. Ṣùgbọ́n kọ́rẹ́ńtì tí DT 880 ń fà ò tó mílíáńpì 7. HE-6 ń fa nǹkan bíi 95, mílíwáàtì tó sì ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 450. Áńpílífáyà kékeré tó lè gbé fóltì 5 sókè fún 600 óòmù lè dákú síwájú 50 óòmù yìí, torí kò ní kọ́rẹ́ńtì. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé impedance tó ga kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú hẹ́dífóònù tó le gbé. Lódì kejì, LCD-2 tí wọ́n kọ 70 óòmù àti 101 fún mílíwáàtì 1 sí lára ò fẹ́ ju fóltì 0.75 lọ kó tó dé 110, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ẹ fi ìṣirò yìí wé ohun tẹ́ ẹ ní. Adápítà USB-C sí 3.5 mm tí Apple ń ṣe ń gbé nǹkan bíi fóltì 1 jáde. Èyí tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù ń gbé nǹkan bí ìdajì rẹ̀, àwọn fóònù Android kan kì í sì í jẹ́ kó lo gbogbo agbára rẹ̀. Pẹ̀lú fóltì 1, HD 650 á dé 103 ní ṣóńṣó. Ìyẹn tó ọ̀pọ̀ orin tó ti kún fáìlì, àmọ́ orin ẹgbẹ́ onílù ńlá tí wọ́n gbà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ á mú kí fọ́lúùmù tán. Ẹ má sì gbàgbé EQ: bí preamp bá wà ní ìsàlẹ̀ ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6, fóltì tẹ́ ẹ nílò ti di ìlọ́po méjì, 2.24 ti di 4.5. Ẹlòmíràn ò nílò áńpílífáyà títí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo EQ.

Àmì pé agbára kò tó ṣe kedere: fọ́lúùmù ti dé òpin, ohùn ò tíì tó, tàbí ohùn ń fọ́ nígbà tí béèsì bá wọlé, tó sì mọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá dín in kù. Bí ohùn bá ń dún tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tí kò dùn létí ní fọ́lúùmù kékeré, ẹ má dá áńpílífáyà lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe ṣe hẹ́dífóònù náà nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo tí áńpílífáyà tó dára fi lè yí adùn ohùn padà láìjẹ́ pé ó bàjẹ́ ni impedance tirẹ̀ ní ibi tó ti ń jáde. Kó má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti hẹ́dífóònù lọ: fún 32 óòmù, kó má ju 4 lọ. Impedance HD 600 àti HD 650 kì í dúró sójú kan, ó ń gòkè sí nǹkan bíi 500 níbi béèsì. Bí áńpílífáyà bá ní 120 óòmù, béèsì yẹn á fi bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 1 ga ju ìyókù lọ. Àwọn tó fẹ́ràn áńpílífáyà oní-túùbù tí kò ní tiransifọ́mà sábà máa ń pe èyí ní ohùn tó móoru, kò sì burú bí ẹ bá mọ ibi tó ti ń wá. Tẹ́ ẹ bá ki irú áńpílífáyà bẹ́ẹ̀ bọ planar oní-32 óòmù, agbára á kàn ṣòfò sínú áńpílífáyà ni. Íapíìsì tó ní dráífà púpọ̀ nínú ló ń jìyà jù, torí impedance tirẹ̀ ń lọ sókè sódò gan-an, ohùn á sì yí pátápátá.

Ẹ lè wọn èyí fúnra yín pẹ̀lú mítà àwọn oníná àti resistor 33 óòmù kan. Ẹ jẹ́ kí ohùn gbọọrọ 200 Hz máa dún, ẹ wọn fóltì AC láìfi nǹkan kan sí i, ká ní ó jẹ́ 0.20. Ẹ fi resistor náà sí i, ẹ tún wọ̀n ọ́n, ká ní ó di 0.19. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, ẹ fi ìkejì pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 33: 0.01 nínú 0.19 lọ́nà 33 jẹ́ 1.7 óòmù. Mo yan 200 Hz nítorí ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú ò kà á dáadáa mọ́ bí ohùn bá ti kọjá ọgọ́rùn-ún Hz bíi mélòó kan.

Mítà yìí kan náà ló máa gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó asán bí ẹ bá fẹ́ fi áńpílífáyà méjì wéra. Etí máa ń pe ohun tó fi díẹ̀ ga ní ohun tó dára jù, kódà bí ìyàtọ̀ náà ò bá ju dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 1 lọ. Ẹ fi wáyà ẹlẹ́nu méjì (splitter) yọ ẹnu kan síta kí hẹ́dífóònù lè wà lórí rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ̀n. Lórí púlọ́ọ̀gì, orí ṣóńṣó ni òsì, òrùka àárín ni ọ̀tún, ìdí rẹ̀ ni ilẹ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ wọn láàárín ṣóńṣó àti ìdí, kí abẹ́rẹ́ mítà má sì so wọ́n pọ̀ o, torí ìyẹn lè ba áńpílífáyà jẹ́. Bí èkíní bá jẹ́ 0.300, ẹ yí fọ́lúùmù èkejì títí á fi wà láàárín 0.297 àti 0.303. Lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ wọn láìsọ fún yín. Nínú gbogbo irú ìdánwò báyìí tí mo mọ̀, áńpílífáyà méjì tí impedance wọn kéré tí agbára wọn sì tó kì í jẹ́ kéèyàn lè dá ọ̀kan mọ̀ lára èkejì.

Ẹnu balanced, níbi tí òsì àti ọ̀tún ti ní apá òdì tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní àǹfààní tirẹ̀: fóltì rẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì ti ẹnu lásán, ó sì wúlò fún irú HE-6. Àmọ́ impedance ibẹ̀ náà di ìlọ́po méjì. Ewu tó wà níbẹ̀ ni adápítà. Hẹ́dífóònù tó ní púlọ́ọ̀gì 4.4 mm tàbí XLR ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lè gba adápítà lọ sí ẹnu lásán láìséwu. Èyí tó ní púlọ́ọ̀gì lásán ò gbọdọ̀ gba adápítà lọ sí ẹnu balanced láé, torí ìdí púlọ́ọ̀gì yẹn so apá òdì òsì àti apá òdì ọ̀tún pọ̀, apá méjèèjì yẹn sì ń gbé iná jáde nínú áńpílífáyà balanced. Wọ́n á máa ti ara wọn, ọ̀kan nínú wọn sì lè jó.

Ẹ lo gain, ìyẹn bí áńpílífáyà ṣe ń sọ iná orin di ńlá tó, tó kéré jù tó bá ti tó yín. Kọ́ńtúróòlù fọ́lúùmù tí wọ́n ń yí lọ́wọ́ sábà máa ń jẹ́ kí òsì àti ọ̀tún yàtọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ti ń gbọ́ orin, gain ti pọ̀ jù. Gain gíga náà ló ń mú ariwo ṣíí wọ íapíìsì. Bó bá jẹ́ ohùn hùùù ni ẹ ń gbọ́, ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká. Bó bá dákẹ́, ọ̀nà ilẹ̀ ló ń gba ìdí ṣájà yípo. Wáyà optical, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé orin, láàárín kọ̀ǹpútà àti DAC (ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà inú fáìlì di iná orin) á gé e. DAC olówó gegere ni mo máa ń fi sẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mi ò sì tíì rí ìdí láti yí èrò mi padà.

Stax àti àwọn electrostatic yòókù, ìyẹn hẹ́dífóònù tó ń fi fóltì gíga gbọn awọ dráífà, wà lọ́tọ̀. Fóltì 580 ni Stax Pro ń fẹ́ lórí awọ dráífà rẹ̀ kí orin tó dé rárá, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní ẹsẹ̀ márùn-ún, kò sì bá áńpílífáyà lásán lò, àfi èyí tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀. Ẹ ka owó méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó dá a lábàá.

Bí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ jẹ́ kí ohùn gbọọrọ máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti 20 Hz, ní fọ́lúùmù wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí apá kan bá ń dún ziii láàárín 40 sí 150, ẹ yọ tìmùtìmù rẹ̀ wò: irun orí tó bọ́ sórí dráífà ló máa ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ṣeé mú kúrò pẹ̀lú ìṣọ́ra láìfọwọ́ kan awọ rẹ̀. Bí kò bá sí irun níbẹ̀, dráífà ló ti bàjẹ́. Ẹ mi wáyà níbi tó ti wọ etí kọ̀ọ̀kan, ẹ wo irin tó gbé etí bóyá ó ti là, ẹ sì rí i dájú pé tìmùtìmù rẹ̀ ṣì wà lọ́jà. Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ kọ́kọ́ fi ohun tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ gbé e fún oṣù kan. Bí fọ́lúùmù kò bá tán lórí orin tó jẹ́jẹ́ jù tẹ́ ẹ ní, pẹ̀lú EQ lórí rẹ̀, kò sí áńpílífáyà tẹ́ ẹ fẹ́ lọ rà.